Eré Ọmọdé àti Ìwà Ọmọlúàbí

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọdé fúnra wọn ló ń ṣètò eré wọn. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán nínú agbo ilé tí òṣùpá sì là, wọn a kóra jọ sójúde. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni aṣáájú: òun ló ń sọ bóyá bojúbojú ni tàbí ẹkùn mẹ́ran, òun náà ló ń parí ìjà. Àwọn àgbà á jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀, wọn á máa pàlọ́, ojú wọn á sì wà lára gbogbo ọmọ. Àgbàlagbà yòówù tó bá gbọ́ tí ọmọ ń búni lè bá a wí, ìyá ọmọ á sì dúpẹ́.

Ayò ọlọ́pọ́n fi ẹ̀kọ́ inú eré hàn dáadáa. Ihò 12 ló ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ayò bá tán lọ́dọ̀ ẹnìkan, dandan ni kí ẹnìkejì ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá ní i, kí onítọ̀hún lè rí nǹkan ta. Ọmọ tó ń wòran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n á rí i pé èèyàn lè na ẹgbẹ́ rẹ̀ láyò láìrẹ́ ẹ jẹ.

Àmọ́ àtijọ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ tàbí tó ń kiri ọjà kì í sábà tètè dé ojúde, aṣáájú mìíràn sì máa ń fìyà jẹ àwọn kéékèèké.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1955 fi eré sábẹ́ agogo iléèwé: òun ló ń pe ọmọ síta, òun ló ń pè é wọlé. Ní 1959, tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn. Lónìí, ògiri àti géètì ti gba ipò ojúde ní Èkó. Lẹ́sìnnì àti fóònù sì ti gba ìrọ̀lẹ́. Kí ọmọ méjì tó ṣeré pọ̀, ìyá wọn á kọ́kọ́ pera lórí fóònù, wọn á dá ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní London.

Ìbẹ̀rù ajínigbé tó ń mú òbí sé ọmọ mọ́lé kì í ṣe asán, ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọmọ tirẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí ń ṣọ́. Àgbà tó rí ọmọ aládùúgbò tó ń sọ òkò lu adìyẹ á kọjá lọ, kó má baà dìjà. Ìyá ló sì ń bá wọn parí aáwọ̀ tí àwọn ọmọ ì bá fẹnu ara wọn parí, tí wọ́n ì bá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹlòmíràn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka ìsinmi àti eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Òbí tó fi lẹ́sìnnì dí gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọmọ rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí aládùúgbò bá a wí, ti gba eré lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì ti gba àwọn àgbà tí ì bá bá òun tọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.