Ṣé Ojúkòkòrò Ni Kí Àgbẹ̀ Wá Èrè Sí I?



Bí àgbẹ̀ bá kọ̀ láti ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní tútù, tí ó sọ ọ́ di gàrí kí owó tí yóò wọlé fún un lè pọ̀ sí i, ṣé ojúkòkòrò ni? Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wá ju ohun tí ilẹ̀ bá fún un lọ. Èrò yìí jọ ìwà ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Bí a bá ti hú u, kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tí ń rà á mọ èyí. Yóò ní sùúrù títí ojú yóò fi pọ́n àgbẹ̀, nígbà náà ni yóò wá dá iye tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o, tí a rin ín, tí a fún omi rẹ̀ nù, tí a jọ̀ ọ́, tí a sì yan án gbẹ, yóò wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí ó ni ín lè wí pé, "N kò tà á ní iye yẹn." Nítorí náà, kì í ṣe owó nìkan ni iṣẹ́ yìí ń mú wá, ó ń sọ àgbẹ̀ di òmìnira.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó, tí gbogbo ilẹ̀ Èkìtì mọ̀. Bí a kò bá fi ewé bo hóró rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 kí a tó sá a, kò lè ní adùn tí a mọ̀ mọ́ ṣokoléètì.

Ìjọ Mímọ́ kò dá irú èrè bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ní 1961, Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, Mater et Magistra, pé ó yẹ kí iṣẹ́ tí ń tọ́jú irè oko, tí ó sì ń pa á dà, wà ní ìgbèríko fúnra rẹ̀. Ó sì rọ àwọn àgbẹ̀ láti para pọ̀ ní ẹgbẹ́. Lórí pẹpẹ pàápàá, a kì í gbé àlìkámà àti èso àjàrà wá. Búrẹ́dì àti wáìnì ni à ń gbé wá, ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣiṣẹ́ lé lórí.

Síbẹ̀, èrè ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí ó ta kòkó tí kò gbẹ kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n kò fi ohunkóhun kún un; olè ni ó jà. Ta ni ó sì ń yan gàrí? Àwọn ìyá wa ni, nínú ooru àti èéfín. Bí baálé bá kó gbogbo owó náà sápò, tí ẹni tí èéfín ń ta lójú kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ìrẹ́jẹ ni. Ẹ rántí pé fífi owó ọ̀yà du òṣìṣẹ́ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́rin tí ń ké sí ọ̀run fún ẹ̀san.

Èrè tí ó ti inú òógùn wá, tí a sì pín bí ó ti tọ́, kì í ṣe ojúkòkòrò. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí agbára ilé kan kò ká, ilé mẹ́wàá lè rà á. Ìlúpéjú ni orúkọ ìlú wa: ẹ jẹ́ kí a péjú sí ìdí iṣẹ́, kí a sì péjú sí ìdí èrè. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.