Ta Ni Ènìyàn Nígbà Tí Ọwọ́ Kò Bá Lè Ṣiṣẹ́ Mọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé láàrin wa, ṣùgbọ́n ní bòókẹ́lẹ́ ni a máa ń sọ ọ́.

Ní Alakahia, lẹ́bàá òpópónà East-West, ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt wà. Ibẹ̀ ni a máa ń gbé ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin lọ fún ìtọ́jú iṣan, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì di fífà. Télọ̀ ni wọ́n. Nílé, a ń wẹ̀ fún wọn, a ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, a sì ń bá wọn dá àlejò lóhùn. A rò pé ìfẹ́ ni. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ òsì ti àwo oúnjẹ dànù, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní: "Ṣé mo ti kú ni?"

Kò sí ẹni tó lè fèsì nínú wa.

Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá sí Rivers, iṣẹ́ ló gbé wa wá. Bí a bá pàdé ẹni tuntun, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" ni a máa ń kọ́kọ́ bi í. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá dákẹ́, ó máa ń dà bí ẹni pé ohun tí ẹni náà wá ṣe níhìn-ín ti parí. Àwọn ará a ní, "Ẹ gbé e lọ sílé." Ilé wo? Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún níhìn-ín, ibí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà.

Àwọn baba wa ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Èèwọ̀ ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn yìí mú lágbà ti mọ ara rẹ̀ ní odidi rí. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ara rẹ̀ àtijọ́. Àwọn dókítà sọ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta wọn ni ìbànújẹ́ ọkàn tó le máa ń bá, àti pé ọgbẹ́ inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ lè fa ẹkún òjijì. Kì í ṣe àìmoore. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ó ní ìtọ́jú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ìgbé ayé irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní Ìbàdàn àti ní Berlin. Wọ́n rí i pé ìhà ti ara ló ń jìyà jù. Ìhà ti ẹ̀mí kì í bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa nìyẹn: ènìyàn náà ṣì wà níbẹ̀. Àwa ni a kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn lè ní bí a bá yọwọ́, yóò ṣubú. Òótọ́ ni. A kò ní kí a fi í sílẹ̀; kí a dúró tì í ni, kí a má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n wa ń fi ọwọ́ òsì de bọ́tìnnì ara wọn. Ó ń pẹ́. A ń dúró. Wọ́n ń fi ẹnu kọ́ ọmọṣẹ́ bí a ti ń gé aṣọ. Àwọn náà ló ń ṣí ìpàdé ẹbí wa pẹ̀lú àdúrà, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ tó. Wọn kò tíì padà sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣì ń sunkún nígbà mìíràn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mú wa dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo nínú pálọ̀ wa.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kò sí ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ nìkan tó fún un rí. Ẹ jẹ́ kí a máa yẹ ìfúnpá wa wò, kí a sì tètè gbé ẹni tí àrùn yìí bá kọlù lọ sí ilé ìwòsàn. Olódùmarè yóò ṣọ́ wa, yóò sì fún wa ní sùúrù fún àwọn tiwa. Àmín.