Ojú Tó Ríran

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n onílé pàápàá lè di àlejò nílùú rẹ̀, bí ohun gbogbo bá ti mọ́ ọn lára jù.

Ní ìlú Ìsẹ́yìn, ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Ọjọ́ tí mo gbé kámẹ́rà sójú ni mo tó rí òwú tó nà gbọọrọ nílẹ̀, òkúta tó dì í mú, àti oòrùn àárọ̀ lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ayafọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968: irun tí gbogbo wa ń rí, tí a kì í wò.

Ẹwà ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ojú ló kù.