Owó Ti Wọlé, Ọkọ̀ Ti Lọ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Rowan Atkinson, apanilẹ́rìn-ín tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí Mr Bean, fi ọkọ̀ McLaren F1 rẹ̀ kọlu igi nítòsí Peterborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èjìká ló fi ṣèṣe. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ débi pé ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ á ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ra àgékù irin. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí £910,000 ni wọ́n ná lé e lórí, iṣẹ́ náà sì gbà ju ọdún kan lọ. Àwọn kan rò pé orí wọn ti dàrú ni. Àmọ́ nígbà tó di 2015, Atkinson gbé ọkọ̀ náà sọ́jà ní £8 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, £540,000 ló rà á ní 1997.

Ìṣirò tí wọ́n ṣe kò le. Bí owó àtúnṣe bá kéré sí iye tí wọ́n gbà pé ọkọ̀ tó, wọ́n á tún un ṣe. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn tàbí tó jù ú lọ, wọ́n á ní ọkọ̀ ti kọjá àtúnṣe, wọ́n á san owó fún olówó rẹ̀, ọkọ̀ á sì di tiwọn. Orí iye tí wọ́n gbà pé ọkọ̀ tó yẹn gan-an ni ìjà wà. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn lórí ti Mr Bean, torí McLaren F1 tí wọ́n ṣe láyé kò ju 106 lọ. Peugeot 504 ńkọ́?

Àwa mọ iye Píjó. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, kò sì pẹ́ tó fi di ọkọ̀ ọ̀gá iléèwé, ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ọkọ̀ ìyàwó, ọkọ̀ ìrìn-àjò jíjìn. Bàbá ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní tirẹ̀ nígbà tó ń ṣe ọ̀gá iléèwé ní Abẹ́òkúta. Bàbá Ìbejì ni a máa ń pe ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀ níhìn-ín náà. Nígbà tó rí 504 ti 1979 tí ẹnì kan fẹ́ tà ní Kent, ó rà á láìnáwó púpọ̀, ó wá ń náwó sí i láìdáwọ́ dúró. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù níbẹ̀ a máa jẹ irin ọkọ̀ àtijọ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ó gé ibi tó dípẹtà kúrò, ó jó irin tuntun mọ́ ọn, ó kùn ún. Ìyàwó rẹ̀ kì í pè é ní ọkọ̀. "Orogún mi" ló ń pè é.

Nígbà tí yóò ra inṣọ́ránsì, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ àtijọ́ niṣẹ́ wọn. Wọ́n á ní kó ya àwòrán inú àti òde, ẹ́ńjìnnì, ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n á ní kí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ irú ọkọ̀ náà kọ ìwé lórí iye tó tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ iye kan sílẹ̀ tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí. Bí ọkọ̀ bá ṣègbé, iye yẹn ni wọ́n máa san. Ọ̀nà kejì ni inṣọ́ránsì tí gbogbo ayé ń rà, tí ìwé rẹ̀ sọ pé iye tí ọkọ̀ náà bá tó lọ́jà kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa san. Bàbá Ìbejì wo àwòrán tí wọ́n ní kó yà, ó wo ìwé tí wọ́n ní kó wá, ó ní wàhálà yẹn ti pọ̀ jù. Èyí tó yá ló rà. Gbogbo ènìyàn ló ń bá a dárò ọjọ́ tí wọ́n gbá ọkọ̀ náà. Ní tèmi, ọjọ́ tó ra inṣọ́ránsì yẹn ni ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló já iná pupa ní Camberwell, tó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò farapa. Wọ́n wọ́ Píjó lọ sí ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tó jàǹbá sí, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì yá a ní ọkọ̀ kékeré kan tí yóò máa lò. Ẹni tó ń ṣírò iye ọkọ̀ kò fojú kan Bàbá Ìbejì, kò sì bèèrè rìsíìtì kankan. Àwòrán ló wò, ó yẹ ìwé iye ọkọ̀ wò, ó sì dá a lẹ́jọ́: £2,800 ni ọkọ̀ tó, àtúnṣe rẹ̀ á sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni pé ìwé iye ọkọ̀ tí wọ́n ń lò, ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́jà ló wà fún. 504 tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979 tó ṣì ń rìn kò pọ̀ mọ́ rárá.

Ọmọbìnrin tó pè é lórí fóònù láti ilé-iṣẹ́ náà ní ohùn tútù, ó sì bá a kẹ́dùn. Ó wá fi kún un pé ọkọ̀ tí wọ́n yá a, wọn yóò gbà á padà láìpẹ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dá iye lé e báyìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni Bàbá Ìbejì ń ṣe, ibiṣẹ́ jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. "Bàbá Ìbejì, ẹ gba owó yín, ẹ jẹ́ ká sinmi. Irin ni." Ó ní òun gbà, lórí fóònù, kí tíì tó tutù.

Owó wọlé. Ó fi V5C, ìwé ọkọ̀ náà, ránṣẹ́ sí wọn, ó sì sọ fún DVLA, àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bí òfin ṣe ní kó ṣe. Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún òyìnbó arúgbó kan nínú ẹgbẹ́ àwọn oní-Peugeot. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá náà bi í: ṣé ó ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà padà fún òun? Kò mọ̀ pé ènìyàn lè bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé bèèrè. Láti oṣù kẹwàá 2017, ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n ń pín ọkọ̀ tí wọ́n bá ní ó ti kọjá àtúnṣe sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ni èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ túútúú pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. B ni èyí tí wọ́n lè tú àwọn nǹkan kan lára rẹ̀ tà, ṣùgbọ́n tí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sójú títì. S ni èyí tó bàjẹ́ níbi tó gbé ọkọ̀ ró, àmọ́ tó ṣeé tún ṣe. Ní ti N, ìbàjẹ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ S tàbí N, ilé-iṣẹ́ lè yọ iye tí wọn ìbá ta àlòkù náà kúrò nínú owó, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. S ni wọ́n kọ sí ti Bàbá Ìbejì. Ó sáré pè wọ́n. Wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo.

Lórí ìkànnì ìjọba, ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà ọkọ̀ lè wo ọjọ́ tí wọ́n fún un ní V5C tó gbẹ̀yìn. Ó di àṣà rẹ̀ láti máa tẹ nọ́ńbà náà. Lọ́jọ́ kan, ọjọ́ tuntun yọ síbẹ̀. Ẹnì kan ti ní Píjó.

Owó ló kù tó lè jà sí. Ó kó ìpolówó 504 tí wọ́n ń tà lákòókò náà jọ, ó kó rìsíìtì iṣẹ́ irin àti ọ̀dà jọ, ẹgbẹ́ bá a kọ ìwé, ó sì kọ ẹ̀hónú sí ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, oṣù mẹ́fà ló ní láti gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Kò dé ibẹ̀. Wọ́n sọ £2,800 di £6,500. Ẹ ronú sí i: ọkọ̀ kan náà, àwòrán kan náà. Kò yani lẹ́nu pé ní oṣù kejìlá 2022, FCA tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn kìlọ̀ fún wọn ní gbangba pé kí wọ́n yé fojú kéré iye ọkọ̀ àwọn oníbàárà.

Mi ò ní kí ènìyàn máa di gbogbo ògbólógbòó ọkọ̀ mú o. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìjàǹbá tó dé, owó ni kó gbà, kó sì dúpẹ́. Àmì S kì í kúrò nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀, ẹlòmíràn tó bá fẹ́ rà á lọ́la á rí i. Inṣọ́ránsì kì í sì í sanwó ìfẹ́: pé bàbá ẹni wa irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta kò lè fi kọ́bọ̀ kún un. Ṣùgbọ́n nínú kó gba owó àti kó di ọkọ̀ mú, Bàbá Ìbejì kò yan èyíkéyìí. Ọkọ̀ àyálò tí wọ́n fẹ́ gbà padà ló yàn fún un. Ìbá ti sọ lórí fóònù pé kí wọ́n fi £2,800 ránṣẹ́ bí owó àkọ́san, pé òun kò tíì gbà pé iye ọkọ̀ nìyẹn, àti pé kí wọ́n má tà á títí òun yóò fi pinnu. Kó fi lẹ́tà tì í lẹ́yìn lọ́jọ́ kan náà. Kó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lọ́dún tó kọjá, Píjó náà jáde fún títà ní Essex, wọ́n ti tún un ṣe dáadáa, £9,000 ni wọ́n ń pè é. Bàbá Ìbejì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó. Kò sọ ẹni tí òun jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ tà á. Ó yí i ká, ó tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ìsọ̀rí S ná an: pé ọkọ̀ tó ti jàǹbá, tí àmì wà lára rẹ̀ títí ayé, ta ló máa san £9,000 lé e? Ó pè é ní £5,500. Ọkùnrin náà ní £8,000 ni ìparí ọ̀rọ̀. Ìyàwó Bàbá Ìbejì ti gbọ́ sí i, ó ní kí wọ́n fi £500 kún tiwọn.