Òǹkọ̀wé Tí Ó Di Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ń hun ìtàn ọ̀daràn jẹun ki ọwọ́ bọ ọ̀ràn gidi? Sinimá Hammett, tí Wim Wenders darí ní 1982, ni ó gbé ìbéèrè yìí síwájú wa. Dashiell Hammett kì í ṣe ẹni àròsọ. Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ó sì ti ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Pinkerton láti 1915 kí ó tó di òǹkọ̀wé. Nínú sinimá náà, ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó jókòó sí ní San Francisco nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ àtijọ́ wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun wá ọmọbìnrin kan.

Lápàdé, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá sínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), kì í ṣe òǹkọ̀wé ní tirẹ̀. Ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. (Tàfá Ìgírípá ni èmi fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kí òǹkọ̀wé tó kọ ojú ìwé kìíní ni ó ti mọ ẹni tí ó pànìyàn. Ẹ̀yìn náà ni yóò wá fọ́n ẹ̀rí sójú ọ̀nà. Bí ó bá gbé àṣà yìí wọ ìgboro, ọ̀daràn ni yóò kọ́kọ́ yàn, kí ó tó wá ẹ̀rí tí yóò bá a mu.

Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán. Ní Narayi, ní gúúsù ìlú Kàdúná, bí àlejò kan bá dúró pẹ́ létí ọjà, tí ẹnìkan sì pariwo olè, kíá ni ìtàn yóò ti pé: ibi tí ó ti wá, ohun tí ó jí, àwọn tí ó rán an. Táyà àti epo bẹntiróòlù ni ó kù. Ìlú tí ojú rẹ̀ rí rògbòdìyàn 2000 àti ti 2002 kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun tí àhesọ lè ṣe.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ọlọ́pàá bá ń sùn ńkọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Lápàdé ń béèrè, ó sì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ni èrò ọjà fi ń wewu. Nítorí náà, lójú tèmi, ọdún tí Hammett lò ní Pinkerton ni ó mú un yẹ fún ìwádìí náà, kì í ṣe ìwé tí ó ń kọ.