Ta Ni Mò Ń Fọn Fèrè Fún?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní sáà tó kọjá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá wa ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ará yàrá kejì ni. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, fèrè yín yẹn ń gún mi." Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé ìwọ ni mò ń fọn ọ́n fún ni? Ara mi ni mò ń fọn ọ́n fún." Ó wò mí, ó ní, "Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n etí mi lẹ ń fọn ọ́n sí." Ó bá pa dà sí yàrá rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sin màmá rẹ̀, pé òru ọjọ́ náà ló ti ilé dé.

Fèrè tí mò ń sọ kì í ṣe nǹkan ńlá. Páìpù onírin tín-ín-rín ni, ihò mẹ́fà, ẹnu oníke lókè. Tin whistle ni wọ́n ń pè é. Robert Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànù ṣe é tà lọ́dún 1843, ṣùgbọ́n àwọn ará Ireland ló gbà á ṣọmọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí orin Celine Dion inú fíìmù Titanic ọdún 1997 ṣe bẹ̀rẹ̀ ti gbọ́ ìbátan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Dublin ló mú tèmi bọ̀. Ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń pàdé nílé ọtí nírọ̀lẹ́, oní-fíólì, oní-fèrè, oní-àkọ́díọ̀nù, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká láìsí ìwé orin níwájú ẹnikẹ́ni. Fèrè D ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, nítorí orí D tàbí G ni ọ̀pọ̀ orin wọn wà, fèrè kan náà sì mú méjèèjì. Kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ohùn rẹ̀ sì mú débi pé fíólì mẹ́fà ò lè bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi ò ní ẹgbẹ́. Bí ẹlòmíràn bá ń fọn ọ́n nínú ọgbà wa yìí, a ò tíì pàdé. Èmi nìkan ni, lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, nínú yàrá ẹni mẹ́rin tí a ti jẹ́ méje (ẹ má bi mí léèrè ẹni tó jẹ́ squatter).

Ẹ̀gbọ́n mi wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì, kí n sọ irú fèrè mìíràn tí mo fẹ́, ọ̀kan ṣoṣo. Ọkàn mi lọ síbi ohùn ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń dá fọn, kí ló so ó mọ́ D? Fèrè yìí wà ní C, ó wà ní B-flat, A, G, títí dé D ìsàlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ wà sí tèmi bí dò ìsàlẹ̀ ṣe wà sí dò òkè, tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. D ìsàlẹ̀ yẹn kò tíì pẹ́ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Bernard Overton fi páìpù alumíníọ́ọ̀mù ṣe ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Finbar Furey, olórin ọmọ Ireland, nígbà tí fèrè oníparun tí Furey ń lò bà jẹ́.

Ẹ lè wí pé, kí ló dé tí o ò kàn fọn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ jẹ́jẹ́? Kò ṣeé ṣe. Èémí kan náà ló ń gbé ohùn àti ariwo. Bí o bá dín in kù, ohùn á rẹlẹ̀, orin á ṣì. Bí o bá fi kún un, á fò lọ sí dò òkè. Ọjọ́ tó o bá ti yan fèrè lo ti yan ìwọ̀n ariwo rẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn lójú tèmi. Láàárín ẹgbẹ́, bí ohùn mi bá gún ẹnì kan, mo lè sọ pé D ni gbogbo wa wà. Bí mo bá dá wà, ta ni mo fẹ́ dì í rù?

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yìn mí. Bí a bá gbé orin láti orí fèrè D lọ sórí èyí tó wà nísàlẹ̀, orin ò yí pa dà. Bí ọmọdé bá ní "wá jẹun", tí bàbá àgbà náà ní "wá jẹun", àmì ohùn kan náà ni, oúnjẹ kan náà la ó sì jẹ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Fèrè mi ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tó ń ké "àgò!" lẹ́nu ọ̀nà. D ìsàlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí àgbà tó ti jókòó. Òun ló bà mí lẹ́rù. Ṣé nítorí ará yàrá kejì ni mo ṣe fẹ́ ẹ, àbí nítorí kí wọ́n lè rò pé èmi náà ti jìyà, mo ti gbọ́n? Mo ti gbọ́ ọ rí nínú fóònù ẹ̀gbọ́n mi: orin ijó lásán ni, ṣùgbọ́n lórí fèrè yẹn, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan kú. Èmi ò sì tíì sin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sin ìyá rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn ògiri, èmi ni mo wá fẹ́ yá ohùn ọ̀fọ̀ rẹ̀ lò.

Ọmọ físíìsì kan nínú yàrá wa tún wá da omi sí i. Ó ní ohùn òkè ni ògiri máa ń dá dúró jù, pé ohùn ìsàlẹ̀ a máa là á kọjá. Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ń ṣe páàtì ní ìkángun àdúgbò, ṣebí gbì-gbì-gbì nìkan lò ń gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ó tún ní ohùn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 2,000 sí 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni etí èèyàn máa ń mú jù, fèrè D mi sì máa ń kọjá 2,000 bó bá dé òkè pátápátá. Nítorí náà, D ìsàlẹ̀ á wọlé tọ ará yàrá kejì lọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò ní gún un tó bẹ́ẹ̀. Èwo ni ìwà ọmọlúàbí nínú méjèèjì?

Èrò tèmi rèé, ẹ lè ta kò ó nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní olórin ò gbọdọ̀ ro ti ẹnikẹ́ni. Mi ò sì sí lẹ́yìn ẹni tó ní kí n kúkú sinmi; bó bá jẹ́ ìrọ̀rùn aládùúgbò nìkan la fẹ́, kò yẹ kí ọmọ tuntun máa sunkún. Dídá fọn kò gbà mí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, àwáwí ni ó gbà lọ́wọ́ mi. Nílé ọtí Dublin, ẹni tó jókòó kọjú sí ọ á fajú ro bí o bá ṣàṣejù. Lórí bẹ́ẹ̀dì mi, kò sí ojú kankan. Àfi kí n fi ojú ẹnì kan síbẹ̀ fúnra mi.

B-flat ni mo yàn. Kò ga, kò rẹlẹ̀ jù. D ìsàlẹ̀ gba ẹ̀dọ̀fóró, ihò rẹ̀ sì jìnnà síra débi pé àárín ìka làwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń dí i, kì í ṣe orí ìka. Ìka tèmi dé gbogbo ihò B-flat láìjìjàdù. Ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni ọjọ́ orí mi. Kò ní bá tàwọn ará Dublin mu. Bí mo bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú àpò ló máa wà. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ló dé, òun ti múra owó D ìsàlẹ̀. Mo ní kò tíì kàn mí.

Mo ti yí àsìkò pa dà pẹ̀lú. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo ń fọn báyìí, lẹ́yìn pápá, lábẹ́ igi máńgòrò. Ará yàrá kejì a máa gbabẹ̀ kọjá nígbà mìíràn, tòun ti kẹ́ẹ̀gì omi. A máa ń kí ara wa. Mi ò tíì lè la ẹnu sọ "o kú ará fẹ́ra kù" fún un.