Ẹ Má Torí Ọlọ́run Purọ́

Ẹsẹ Bíbélì: Jóòbù 13:7-10, 42:7, Ẹ́kísódù 20:16

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọmọ ti bi ní irú ìbéèrè yìí: "Mọ́mì, tíṣà wa ní èèyàn àti ìnàkí ní baba ńlá kan náà. Ṣé irọ́ ni Jẹ́nẹ́sísì ń pa ni?" Ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n. Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó tẹ ìwé tí ó sọ ọ́ di olókìkí jáde ní 1859. Ohùn àwa onígbàgbọ́ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ọjọ́ mẹ́fà gééré ni Ọlọ́run fi dá ayé. Àwọn mìíràn gbà pé Ẹlẹ́dàá lè gba ọ̀nà tí ó pẹ́ ṣe iṣẹ́ Rẹ̀. N kò wá parí àríyànjiyàn yẹn lónìí. Irú ẹnu tí a fi ń dá ọmọ lóhùn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìtàn kan wà tí àwọn oníwàásù máa ń sọ: pé nígbà tí Darwin wà lórí àkéte ikú, ó ronú pìwà dà, ó sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, a sì máa ń ké Halelúyà sí i. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ti wá? Darwin kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, 1882. Lẹ́yìn ọdún 33, ní 1915, ni ajíhìnrere obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lady Hope sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, tí ìwé ìròyìn àwọn Onítẹ̀bọmi kan sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1922, Henrietta, ọmọbìnrin Darwin, fèsì nínú ìwé ìròyìn onígbàgbọ́ kan. Ó ní òun wà lẹ́bàá ibùsùn nígbà tí bàbá òun ń kú lọ, Lady Hope kò sí níbẹ̀, bàbá òun kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ rárá. Ẹgbẹ́ Answers in Genesis ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ta ko ẹfolúṣọ̀n gidigidi, ti kìlọ̀ pé kí onígbàgbọ́ má lo ìtàn yìí mọ́.

Irọ́ ti wọ ilé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà rí. Ní oṣù Kejìlá 1912, Charles Dawson tí í ṣe lọ́yà, àti Arthur Smith Woodward, ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ́nù, gbé egungun orí kan jáde tí wọ́n ní ó ti inú ilẹ̀ wá ní Piltdown. Wọ́n ní ti ẹ̀dá kan láàárín ìnàkí àti èèyàn ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà á gbọ́ fún ọdún 40. Àwa Yorùbá sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 1953 òtítọ́ bá a: agbárí èèyàn ni, ṣùgbọ́n àgbọ̀n ìnàkí ni wọ́n so mọ́ ọn; wọ́n ti fi fáìlì rin eyín rẹ̀, wọ́n sì pa á láró kí ó lè dà bí ohun àtijọ́.

Àwọn kan ń fi ìyẹn pe gbogbo sáyẹ́ǹsì ní irọ́. Ẹ dúró ná. Ta ni ó tú u fó? Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn ni, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣé àwa náà ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ? Irọ́ Piltdown kò sọ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn di irọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Lady Hope kò ba Jẹ́nẹ́sísì jẹ́. Ẹni tí ó sọ ọ́ ni ó ń tàbùkù.

Ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọlọ́run ni wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà. Jóòbù bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ torí Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ èké. Nígbà tí Olúwa fúnra Rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn agbèjà wọ̀nyí ni Ó bínú sí.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí ó bá ká wa mọ́ irọ́ lórí ọ̀rọ̀ Darwin, báwo ni yóò ṣe gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá sọ fún un pé Jésù jí dìde? Nítorí náà:

1. Kí a tó sọ ìtàn kan níwájú ìjọ, kí a béèrè ẹni tí ó ṣojú rẹ̀.

2. Kí a má pe tíṣà ọmọ ní aṣojú èṣù. Kí ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa, kí ó sì mú ìbéèrè rẹ̀ wá sílé láìbẹ̀rù.

3. "N kò mọ̀" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́, kí a sì bá ọmọ wá ìdáhùn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀.

Àdúrà: Olúwa Ẹlẹ́dàá wa, gbà wá lọ́wọ́ irọ́ tí ó dùn lẹ́nu wa. Jẹ́ kí àwọn ọmọ wa lè fọkàn tán ọ̀rọ̀ wa, kí wọ́n lè fọkàn tán Ọ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.